Sùlèímọ̀n Tó Ní Oògùn Òun Kì Í Pẹ́ Lára

Ilé kan náà ni èmi àti Sùlèímọ̀n Bákàrè ń gbé ní Asawase, nínú ìlú Kumasi ní Ghana. Yàrá tiẹ̀ ló kọjú sí tèmi, ẹnu ọ̀nà mi sì ni mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí. Kò sí ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu ọkùnrin yẹn tí kì í dé etí mi, bí mo fẹ́, bí mo kọ̀. Ó jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Lójú rẹ̀, Bọ̀dá Sùlèímọ̀n ni mo ń pè é, mo sì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, torí wọ́n kọ́ mi nílé. Ṣùgbọ́n níbi tí mo ti ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí, ẹ má retí ọ̀wọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ máa gbọ́, ẹ ó rí i pé kò tọ́ sí i.

Bàbá bàbá rẹ̀ ló kó wá sí Kumasi láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ibí ni wọ́n bí Sùlèímọ̀n sí, ibí ló ti lọ ilé ìwé díẹ̀, ibí náà ló ti sá kúrò níbẹ̀. Bàbá Asante kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní ọjà Kejetia ló gbà á síṣẹ́, kó máa gbá ilẹ̀, kó máa gbé páálí. Ohun tó kọ́ níbẹ̀ kò ju orúkọ oògùn lọ. Ó mọ orúkọ wọn bí ọmọdé ṣe ń mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, láì gbá bọ́ọ̀lù rí. Nígbà tí bàbá yẹn kú, Sùlèímọ̀n gbé tábìlì kan sí kọ̀rọ̀ kan nínú ọjà, ó gbé aṣọ funfun wá fún mi pé kí n fi rán ẹ̀wù dókítà fún òun.

Mo bi í pé, "Ẹ̀wù dókítà kẹ̀? Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?"

Ó ní, "Èmi ni. Láti òní lọ, Dókítà Sùlè ni kí ẹ máa pè mí."

Mo rán ẹ̀wù náà fún un, iṣẹ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Sùlèímọ̀n ni mo ń pè é lọ.

Oògùn ẹ̀fọ́rí àti oògùn ibà ló kọ́kọ́ ń tà. Kò pẹ́ tó fi rí i pé àwọn obìnrin tín-ín-rín pọ̀ ní ìlú yìí tí wọ́n ń wá ara tí aṣọ máa jókòó lé, ó sì gbé oògùn ìsanra jáde. Nínú ọ̀rá kékeré ló ń dì í sí, kò sí orúkọ kankan lára ọ̀rá náà. Orúkọ oògùn ọ̀hún gan-an ni déksà. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì ni, èyí tí dókítà gidi ń fún ẹni tí àsímà bá dé mọ́lẹ̀, tàbí ẹni tí ara rẹ̀ wú lójijì, tí wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ iná. Sùlèímọ̀n ń tà á bí ẹní ń ta ẹ̀pà. Oúnjẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹni tó bá lò ó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á yọ, ìdí á yọ, àwọn èèyàn á ní ó ń jayé.

Bí ẹnì kan bá bi í bóyá oògùn náà ní ewu, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín. "Ɛnyɛ hwee" ni yóò sọ fún àwọn ọmọ Asante, "ba komai" ni yóò sọ fún àwọn Hausa, pé kò séwu. Fún àwa Yorùbá, á ṣàlàyé:

"Oògùn mi kì í pẹ́ lára. Bí ẹ bá gbé e mì láàárọ̀, kó tó di ọ̀la, ìtọ̀ ti gbé e jáde. Ọjọ́ tó bá wù yín ni kí ẹ fi í sílẹ̀. Kí ló wá kù tó máa pa yín lára?"

Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló dá ara èèyàn.

Orúnkún ń dun òun náà, ó sì ń gbé déksà mì fún un. Orúnkún náà sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àkókò yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ojú rẹ̀ yí roboto, ó ń dán, ó sì ń fi ọwọ́ pa á nínú dígí mi bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ó rò pé ojú olówó ni òun ní. Àmọ́ èmi tí mò ń wọ̀n ọ́n fún aṣọ mọ ohun tí mò ń rí. Ikùn ló ń ga síwájú, apá àti ẹsẹ̀ ń tín-ín-rín sí i. Ẹran kan yọ sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tí kọ́là kì í jókòó lé mọ́. Bí téèpù mi bá kàn án lára ṣẹ́, ojú ibẹ̀ á ṣú bí ẹni pé wọ́n lù ú.

Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Bọ̀dá, ara yín yìí ò jọ mí lójú. Ẹ lọ rí dókítà."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Dókítà wo? Oyinkọ́lá, ta lo rò pé ò ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo gbé ojú padà sórí aṣọ mi.

Bàrákàt ni ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí. Fante New Town ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Rahim, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń tún fóònù ṣe. Ọmọ náà kò sanra láti kékeré, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ń pè é ní igi ìgbálẹ̀, wọ́n á ní ṣé wọn ò fún un lóúnjẹ nílé bàbá rẹ̀ ni. Nígbà tí mo rí i tó ń sanra lẹ́yìn ìgbéyàwó, mo dúpẹ́, mo ní ilé ọkọ gbà á. Àfi ọ̀sán ọjọ́ kan tó wá kí mi, tó yà sọ́dọ̀ Sùlèímọ̀n lójú agbolé, tó ní, "Dókítà, tèmi ti ń tán o."

Mo dìde lórí àga. "Bàrákàt, kí ló ń tán?"

Ó fi ọwọ́ bojú. Sùlèímọ̀n ló dáhùn fún un: "Kí lo fẹ́ máa pariwo fún? Oògùn tí kì í sùn mọ́jú lára!" Ó wá ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n.

Mo bá ọmọ náà jà títí. Ó ń bẹ̀ mí pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún màmá mi. Wọn kì í pè mí ní igi ìgbálẹ̀ mọ́." Ó sì ń lo oògùn náà lọ.

Ẹ̀gbọ́n Sùlèímọ̀n obìnrin tó ń ṣòwò ní Accra ló wá ránṣẹ́ pé òun fẹ́ mú un lọ sí Mẹ́kà. Ha! Ọjọ́ tó gbọ́ ni Dókítà di Àlhájì. Kò tíì rí pápákọ̀ òfurufú, ó ti ra fìlà, ó ti ń jókòó gẹ́gẹ́ bí àlhájì, ó ti ń wú ikọ́ bí àlhájì. Ìyàwó rẹ̀, Àbídà, obìnrin tó ń ta ṣinṣinga, ẹran tí wọ́n gún sórí igi tí wọ́n sì yan, lẹ́bàá mọ́sálásí, kò tilẹ̀ rójú pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fín ṣinṣinga ló fi ń bọ́ ilé. Sùlèímọ̀n á jókòó ti ẹyin iná, á máa jẹ ẹran, á máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí àlhájì.

Wọ́n ní kó lọ yẹ ara wò kó tó lè rìnrìn àjò. Ìgbà tó dé, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga. Wọ́n ní kó lọ tọ́jú ara rẹ̀, kó padà wá.

Ohun tó sọ lójú agbolé lọ́jọ́ náà ni mi ò ní í gbàgbé. Àbídà ti lọ síbi iṣẹ́; ọkọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Mo mọ ohun tó fà á. Déksà ni. Ó máa ń gbé ṣúgà sókè. Kí n fi í sílẹ̀ lónìí, á ti jáde lára mi lọ́la, ṣúgà á sì wálẹ̀. Ó parí."

Ẹ gbọ́ o. Ó mọ̀! Ó ti mọ̀ látọjọ́ yìí pé oògùn náà ń gbé ṣúgà sókè, ó sì ń dì í sínú ọ̀rá fún ọmọ ọlọ́mọ.

Bóyá bó ṣe dá a lójú tó yìí ló jẹ́ kó dá Bàrákàt náà lójú. Ilà pupa yọ sí ọmọ náà níkùn bí ibi tí wọ́n fi èékánná ya, ojú rẹ̀ kún fún irorẹ́, kì í sì í rí oorun sùn. Ó wá bi Sùlèímọ̀n kí ni kí òun ṣe. Sùlèímọ̀n ju ọwọ́ dànù: "Fi í sílẹ̀ bíi tèmi. Kì í pẹ́ lára." Ọmọ náà da ìyókù sínú ṣáláńgá kó tó kúrò lágbolé wa.

Sùlèímọ̀n mú ìlérí tiẹ̀ ṣẹ, ó já oògùn náà lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò lè jẹun mọ́. Ó ń rìn bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì. Tí mo bá bi í kí ló ṣe é, á ní òun ń gbààwẹ̀. Ó lọ sí ilé àyẹ̀wò kan, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣúgà ti wálẹ̀. Ẹ wá wo eré! Ó mú ìwé náà wọlé, ó ń nà án sókè sí wa lójú.

"Ṣé ẹ rí i? Ó ti jáde! Kí ni mo wí?"

Ó dá ara ró mọ́ ògiri kó tó lè sọ ìyẹn tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ igbe Àbídà. Sùlèímọ̀n ti bì títí, kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀ mọ́. Ó di inú rẹ̀ mú. A ní kó dìde, ojú rẹ̀ yí, ó ṣubú lé mi lọ́wọ́, òógùn rẹ̀ tutù bí omi yìnyín. Èmi, Àbídà àti awakọ̀ takisí kan, Kwasi, la jọ gbé e sínú ọkọ̀. Kwasi ń sọ pé, "Kosɛ, bàbá, kosɛ," ó ń bá a kẹ́dùn títí tí a fi dé ọsibítù.

Dókítà tó gbà wá jẹ́ obìnrin, ọmọ Ìbàdàn, tí kò tíì pẹ́ tó dé Kumasi. Jọláadé ni orúkọ tó wà ní àyà rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wa, Yorùbá náà ló fi bi í:

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Oògùn wo lẹ ń lò nílé?"

Sùlèímọ̀n la ojú díẹ̀. "Mi ò lo oògùn kankan."

"Oògùn orúnkún ńkọ́? Oògùn ìsanra?"

"Mo ní mi ò lo nǹkan kan. Èmi náà… dókítà ni mí."

Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun ni o! Ó kú díẹ̀ kó kú, ó ń purọ́ kí wọ́n má bàa rí i fín. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni inú bí mi, tí ojú sì tì mí fún un. Mo ní, "Dókítà, déksà ló ń gbé mì. Mo fi ojú mi rí i. Ọjọ́ ti pẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló já a."

Àbídà yí ojú sí mi, ó yí i sí ọkọ rẹ̀. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Dókítà Jọláadé kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó pe nọ́ọ̀sì, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n so omi mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí mímí Sùlèímọ̀n balẹ̀, dókítà wá bá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo bi í pé, "Dókítà, ó ní kì í pẹ́ lára. Ó ní ọjọ́ kejì ló ń jáde."

Ó ní, "Irọ́ kọ́ ni ìyẹn, mà. Oògùn yẹn fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ lè wá a kí ẹ má rí i mọ́. Àmọ́ ohun tó ti ṣe sí ara kì í bá a jáde. Ẹran kékeré kan wà lórí kíndìnrín wa kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń ṣe irú nǹkan yẹn fún ara lójoojúmọ́, òun la fi ń lágbára láti dìde, òun ni kì í jẹ́ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wa já wálẹ̀. Tí èèyàn bá ń gbé déksà mì fún ìgbà pípẹ́, ẹran yẹn á rí i pé wọn ò nílò òun mọ́, á dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Tí ẹ bá wá já oògùn lójijì, ti ìta ò sí mọ́, ti inú ò sì tíì jí. Ó lè gbà á ní oṣù púpọ̀ kó tó jí, ẹlòmíì a máa lò tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó fẹ́ pa bàbá nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, dókítà á sì máa ṣọ́ wọn."

"Ṣúgà rẹ̀ tó wálẹ̀ ńkọ́?"

"Ara ò lè gbé e ró mọ́ ni. Ó ti wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí ẹ gbé wọn dé."

Lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, a gbọ́ ohùn Sùlèímọ̀n, ó ń fa ọ̀rọ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ ò gbọ́… ó ní… ó ti jáde."

Mo pòṣé. Kí ni èèyàn fẹ́ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe?

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe pòṣé náà ni àyà mi já. Bàrákàt! Mo sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pè é lórí fóònù. Rahim ló gbé e, inú ọmọkùnrin náà ń dùn.

"Àǹtí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àǹtí, ó jọ pé Ọlọ́run ti ṣe é o! Láti àná ló ti ń bì, òòyì ń kọ́ ọ, kò lè dìde. Màmá mi ní oyún ni. Wọ́n tilẹ̀ ti ń gbàdúrà sí i."

Mo ní, "Rahim, kì í ṣe oyún. Gbé e wá sí ọsibítù báyìí. Má bi mí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàdúrà fún un nílé. Gbé e wá!"

Mo dúró lẹ́nu géètì, mò ń wo gbogbo takisí tó bá yà wọlé. Èrò Kejetia ti dí títì pa, Rahim sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó pọn ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́, ó fi ẹsẹ̀ rìn ín kọjá àárín àwọn bọ́ọ̀sì trotro títí tó fi rí ọ̀kadà. Nígbà tí wọ́n dé, ètè Bàrákàt ti funfun. Ó mọ̀ mí, ó ṣáà ní, "Àǹtí, ó rẹ̀ mí." Mo kígbe pe Dókítà Jọláadé. Mo kàn sọ pé, "Déksà náà ni," ó sì ti yé e.

A kò pàdánù rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yìn Rahim.

Nígbà tó lè rìn díẹ̀, ó ní kí n mú òun lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Àbídà wà níbẹ̀, ó ń bu ògì fún ọkọ rẹ̀. Sùlèímọ̀n rí Bàrákàt, ó gbé ojú sí fèrèsé.

Bàrákàt kúnlẹ̀ kí i. Bẹ́ẹ̀ ni o, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ìyá ọkọ mi ti ra ọṣẹ ọmọ. Rahim ti sọ fún gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo máa lọ sọ fún wọn pé kò sí ọmọ, oògùn yín ni. Mo ní kí n wá wo ojú yín kí n tó lọ."

Ó wo ojú náà, ojú roboto yẹn, fún ìgbà díẹ̀. Sùlèímọ̀n ní, "Bàrákàt, má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ sí i lọ́jà. Ṣé o mọ̀ pé mo fẹ́ lọ Mẹ́kà."

Bàrákàt dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò ní orúnkún rẹ̀, ó jáde.

Àbídà gbé abọ́ ògì kalẹ̀. Obìnrin yẹn kì í pariwo. Ó bi ọkọ rẹ̀ pé, "Mélòó nínú wọn lo tà á fún?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ kó fi "o" bá a sọ̀rọ̀. Sùlèímọ̀n ní òun kò mọ̀. Àbídà ní, "Èmi á mọ̀."

Ó lọ sí Kejetia lọ́jọ́ náà gan-an. Ó kó gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì náà sínú àpò, ó gbé e lọ fún àwọn tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ oògùn ní ìlú. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ilé dé ilé ní Asawase, èmi náà tẹ̀ lé e. Gbogbo obìnrin tó bá ní òun lo oògùn Sùlè, ohun tí Àbídà ń sọ fún un ni pé, "Má já a lójijì o. Lọ rí dókítà kó bá ẹ dín in kù. Ọkọ mi purọ́ fún ẹ." Àwọn kan bú u. Ó dúró gba èébú náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí ọsibítù.

Wọ́n dá Sùlèímọ̀n sílẹ̀ ní ọsibítù pẹ̀lú oògùn tó máa lò láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, tí wọ́n ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń pa nínú dígí já wálẹ̀, awọ rẹ̀ rọ̀ jọwọlọ. Orúnkún rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Ọdún yí po, dókítà ṣì ń ní kó ní sùúrù, ẹran orí kíndìnrín rẹ̀ kò tíì jí tán. Bàrákàt ní tiẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ oògùn kí ọdún tó parí. Ó ti tín-ín-rín padà, Rahim sì ti sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé ẹni tó bá tún pe ìyàwó òun ní igi ìgbálẹ̀, kó má wá sílé òun mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Sùlèímọ̀n tó wà ní Accra gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá sí Kumasi, ó jókòó sí yàrá mi, kò wọ ti àbúrò rẹ̀. Àbídà ló mú lọ sí Mẹ́kà.

Ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo fóònù ni Sùlèímọ̀n ń tà báyìí, ní iwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣinṣinga Àlhájà Àbídà. Kò tíì bẹ ẹnikẹ́ni títí di òní. Bí ẹ bá jẹ́ kó rójú, á ní ṣebí dókítà fúnra rẹ̀ gbà pé ọjọ́ kejì ló ń jáde. Lọ́jọ́ Jímọ̀h tó kọjá, ìyá àgbà kan dúró ra ẹran, ó ń ráhùn pé orúnkún ń dun òun. Mo rí Sùlèímọ̀n tó na ọrùn, tó tún ohùn rẹ̀ ṣe, tó ní, "Ìyá, ẹ gbọ́ ná…"

Àbídà gbé ojú sókè kúrò lórí iná, ó wò ó. Sùlèímọ̀n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń to ọ̀rá fóònù rẹ̀.